Àmì Lọ́jíìkì Nínú Gbólóhùn Yorùbá: Àríwísí Lórí Ìtúmọ̀ Ọ̀rọ̀-sí-Ọ̀rọ̀

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí àwa olùkọ́ àti olùdánwò ń gbà túmọ̀ àmì lọ́jíìkì sí Yorùbá tí à ń sọ lójoojúmọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò nìyí, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìlànà-ẹ̀kọ́ ìṣirò ti àjọ WAEC, a ó rí i pé gbólóhùn òótọ́ àti gbólóhùn irọ́, ìyísódì gbólóhùn, àti bí gbólóhùn kan ṣe ń ti inú òmíràn jáde wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama gbọ́dọ̀ mọ̀. Gbólóhùn ni gbogbo wọn, iṣẹ́ wa sì ni gbólóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ Òsì tàbí ti Ìlọ́fà tí a bá bi ní irú ìbéèrè yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni yóò fi rò ó kí ó tó dáhùn. Bí ìtúmọ̀ tí ó ṣe nínú ọkàn rẹ̀ bá wọ́, ìdáhùn rẹ̀ yóò wọ́ pẹ̀lú. A ó wá ní ọmọ náà kò lè ronú. Àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ ní èdè rẹ̀ ni kò gba ìrònú.

Èrò tiwa ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti èdè. Àṣà wa ni kí a mú àmì kan, kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún un, kí a sì máa fi ọ̀rọ̀ náà sí ibikíbi tí àmì náà bá ti jẹ yọ. Àmì lọ́jíìkì kì í ṣe orúkọ nǹkan. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe láàrin gbólóhùn. Ní Yorùbá, ìhun gbólóhùn ni ó sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A ó gbìyànjú láti fi èyí hàn lórí àmì mẹ́rin, lẹ́yìn náà a ó sọ ohun tí ó yẹ kí olùdánwò ṣe.

2. Orísun àmì wọ̀nyí àti ìdánwò ìtúmọ̀

George Boole tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin ìrònú jáde ní 1854. Gottlob Frege, ọmọ Jámánì, gbé àmì tirẹ̀ jáde ní 1879. Whitehead àti Russell wá ṣe iṣẹ́ ńlá onípele mẹ́ta láàrin 1910 sí 1913. Ìdí pàtàkì kan tí Frege fi dá àmì sílẹ̀ ni pé ó rí i pé èdè ojoojúmọ́ kún fún pọ́nna. Èdè tirẹ̀ gan-an wà lára àwọn èdè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí èdè ojoojúmọ́ kankan tí a lè pè ní ilé àmì wọ̀nyí. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ilé wọn, Yorùbá kì í ṣe ilé wọn. Ẹni tí ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ yìí, òṣùwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ kò gún ni ó mú lọ́wọ́.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ̀ pé ìtúmọ̀ kan tọ̀nà? W. V. O. Quine, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, dáhùn ìbéèrè yìí dé ààyè kan nínú ìwé tí ó kọ ní 1960. Ó ní kí a máa ṣọ́ ìgbà tí elédè yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àti ìgbà tí yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń sọ gbólóhùn tí elédè ti gbà di èyí tí ó kọ̀, tí ó sì ń sọ èyí tí ó kọ̀ di èyí tí ó gbà, ìyísódì ni ọ̀rọ̀ náà. Bí elédè bá gba gbólóhùn alákànpọ̀ kan kìkì nígbà tí ó bá gba apá rẹ̀ méjèèjì, ohun tí ó so apá méjèèjì pọ̀ ni àmì ∧. Ìdánwò yìí kò béèrè ìwé atúmọ̀-èdè. Olùkọ́ èyíkéyìí lè ṣe é nínú kíláàsì.

Ó yẹ kí a rántí Hallen àti Sodipo níbí, àwọn tí wọ́n tẹ ìwé jáde ní 1986 lórí ọ̀rọ̀ *mọ̀* àti *gbàgbọ́*. Wọ́n fi hàn pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí ni Yorùbá ń sọ pé òun *mọ̀*, tí ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn sì jẹ́ ohun tí a *gbàgbọ́*. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a sábà máa ń fi túmọ̀ *mọ̀* kò bá a mu rẹ́gí. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ sọ pé ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ ìrònú ni kò ṣeé túmọ̀. *Mọ̀* jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. *Kò*, *sì* àti *tàbí* jẹ́ ohun tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ dán wò. Quine fúnra rẹ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

3. Àmì ∧: *àti* kò tó

Ìtúmọ̀ tí ó yá wa lẹ́nu jù fún p ∧ q ni "p àti q". Ẹ wo ohun tí ó ń bí:

(1) *Òjò rọ̀ àti ilẹ̀ tutù.
(2) Òjò rọ̀, ilẹ̀ sì tutù.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ (1). Àwọn onígírámà wa ti fi yé wa tipẹ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ àti àpólà-orúkọ ni *àti* ń so pọ̀. Bí ó bá di gbólóhùn odidi, *sì* ni, ààyè rẹ̀ sì wà lẹ́yìn olùwà gbólóhùn kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ (2) kò yẹ àmì náà sílẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa ni. Olùdánwò tí ó bá ń wá *àti* nínú ìwé ìdáhùn rẹ̀ ni ó ṣi ọ̀nà.

Ohun méjì mìíràn tún wà. Àkọ́kọ́, *ṣùgbọ́n* náà jẹ́ ∧. "Òjò rọ̀ ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tutù" jẹ́ òótọ́ kìkì nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ kò sì tutù. Ìyanu tí ó wà nínú *ṣùgbọ́n* jẹ́ ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kò kan òótọ́ gbólóhùn náà. Èkejì, àmì ∧ kò mọ èyí tí ó ṣáájú yàtọ̀ sí èyí tí ó tẹ̀lé e, *sì* sì máa ń mọ̀ ọ́n. "Ó gun igi, ó sì ṣubú" kì í ṣe ìtàn kan náà pẹ̀lú "Ó ṣubú, ó sì gun igi." Ó yẹ kí olùkọ́ ka irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ kúrò nígbà tí ó bá ń kọ́ni pé p ∧ q àti q ∧ p kò yàtọ̀ síra. Kí ó lo gbólóhùn tí àkókò kò sí nínú rẹ̀: "Òsì wà ní Kwárà, Ìlọ́fà sì wà ní Kwárà."

4. Àmì ∨: *tàbí* ta ni?

Nínú lọ́jíìkì, p ∨ q jẹ́ òótọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ òótọ́, ó sì tún jẹ́ òótọ́ bí méjèèjì bá jẹ́ òótọ́. *Tàbí* wa máa ń gba èyí nígbà mìíràn, ó sì máa ń kọ̀ ọ́ nígbà mìíràn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní "Kí ọmọ tuntun mú ìwé-ẹ̀rí ìbí tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọba wá", a kò ní lé ẹni tí ó mú méjèèjì dání padà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá bi ọmọ rẹ̀ pé "Iyán ni o ó jẹ tàbí ọkà?", ọmọ tí ó bá dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì" mọ ohun tí yóò bá a.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìṣòro yìí gan-an. Ànfàní tí Yorùbá ní ni pé a lè sọ ọ́ yanjú láìfi ìlò èdè du ẹnikẹ́ni. Fún ∨, kí a sọ pé "ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ òótọ́". Fún èyí tí kò fẹ́ méjì pọ̀, "ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni ó jẹ́ òótọ́".

Ní ti ìyísódì ∨, Yorùbá tilẹ̀ ń ran olùkọ́ lọ́wọ́. Òfin tí a fi orúkọ Augustus De Morgan pè sọ pé kíkọ "p tàbí q" jẹ́ kíkọ p àti kíkọ q pẹ̀lú. Elédè Yorùbá kì í dúró de òfin náà: "Kò wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ránṣẹ́." *Bẹ́ẹ̀ ni kò* yìí jẹ́ ¬p ∧ ¬q lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀ nílé, ó ti mọ ìdajì òfin De Morgan kí ó tó dé kíláàsì.

5. Àmì →: *bí … bá* àti *a jẹ́ pé*

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti ń dojú rú jù. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìbéèrè tí a máa ń bi ọmọ:

(3) Bí Bọ́lá bá yege, bàbá rẹ̀ yóò ra kẹ̀kẹ́ fún un. Bọ́lá kò yege. Ǹjẹ́ a lè sọ pé bàbá rẹ̀ kò ní ra kẹ̀kẹ́ fún un?

Ìdáhùn lọ́jíìkì ni pé a kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ ohun tí bàbá yóò ṣe bí Bọ́lá kò bá yege. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. A ó fún wọn ní òdo. Ṣé wọ́n ṣìnà ní tòótọ́? Ìlérí ni (3). Ẹni tí ó bá ṣe irú ìlérí yìí fún ọmọ ń sọ fún un pẹ̀lú pé bí kò bá yege, kò sí kẹ̀kẹ́. Ohun tí ọmọ gbọ́ ni ó dáhùn sí. Ìbéèrè ni kò dára.

Ẹ wá wo èyí:

(4) Bí ènìyàn bá jẹ́ ọmọ Ìlọ́fà, a jẹ́ pé ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwárà ni. Bádé kì í ṣe ọmọ Ìlọ́fà. Ǹjẹ́ a lè sọ pé Bádé kì í ṣe ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwárà?

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Òsì kan tí yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìlọ́fà, ọmọ Kwárà sì ni. Àmì kan náà ni (3) àti (4), p → q. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ìlérí ni ọ̀kan, èkejì sì jẹ́ ohun tí a yọ jáde láti inú ohun tí a ti mọ̀. Yorùbá ní ìhun kan fún irú èkejì yìí, òun ni *a jẹ́ pé*. "Bí èéfín bá ń rú, a jẹ́ pé iná wà níbẹ̀." Èéfín kò dá iná sílẹ̀. Ẹni tí ó rí èéfín ni ó fi mọ̀ pé iná wà. *A jẹ́ pé* ń sọ fún ẹni tí ń gbọ́ pé kí ó má wá ohun tí ó fa nǹkan, kí ó wá ohun tí ó tẹ̀lé e nínú ìrònú. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí → ṣe nìyẹn. Èrò wa ni pé "bí p bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé q" ni ó yẹ kí á fi máa túmọ̀ → nínú kíláàsì, kí a sì fi *bí … bá* lásán sílẹ̀ fún ìlérí, ìkìlọ̀ àti ìpinnu.

Yorùbá tún ya ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bẹ̀rẹ̀ "Bí òjò bá rọ̀, a ó gbin àgbàdo" àti "Ì bá ṣe pé òjò rọ̀ ní àná, à bá ti gbin àgbàdo." Nínú èyí èkejì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti mọ̀ pé òjò kò rọ̀. Àmì → kò bá a tan. Níwọ̀n ìgbà tí p bá ti jẹ́ irọ́, p → q di òótọ́ láìka q sí. Bí a bá fi → kọ gbólóhùn *ì bá*, gbogbo àbámọ̀ ayé ni yóò di òótọ́. *Ì bá* ti ń kìlọ̀ fún ọmọ Yorùbá pé ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀.

*Àfi bí* náà gba àkíyèsí. "A kò ní gbà ọ́ sí Yunifásítì àfi bí o bá yege ìdánwò JAMB." Bí p bá jẹ́ gbígbà, tí q sì jẹ́ yíyege, p → q ni: bí a bá gbà ọ́, a jẹ́ pé o yege. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ q → p ti sọ pé gbogbo ẹni tí ó yege ni a ó gbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

6. *Gbogbo*, *kan* àti ìyísódì

Kí ni ìyísódì "Gbogbo Èkìtì ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì"? Ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó máa fi *kò* yí gbólóhùn sódì yóò kọ èyí:

(5) Gbogbo Èkìtì kò sí ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Pọ́nna ni (5). A lè gbọ́ ọ pé Èkìtì kankan kò sí níbẹ̀, èyí tí yóò lé Adó àti Ìkẹ́rẹ́ kúrò nílé. Ohun tí a fẹ́ ni:

(6) Kì í ṣe gbogbo Èkìtì ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Gbólóhùn (6) jẹ́ òótọ́, àwa ará ìhín sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, Kwárà ni Òsì àti Ọ̀pin wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà di òní, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Èkìtì. Ẹyọ ìlú kan ṣoṣo ti tó láti sọ "gbogbo" di irọ́. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàrin ¬∀ àti ∀¬, kò sí àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa ju èyí lọ. *Kì í ṣe … ni* ni ti ìkínní. "Kò sí … kankan tí" ni ti ìkejì. Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ tí a ń kọ́ wọn lọ́dọọdún ni ó ń ṣe iṣẹ́ àkámọ́ tí àwọn onílọ́jíìkì ń lò.

Ní ti ∃, *kan* nìkan kò tó. "Akẹ́kọ̀ọ́ kan yege" lè jẹ́ pé ẹnìkan pàtó ni mo ní lọ́kàn. "Ó kéré tán, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ó yege" ni ó bá àmì náà mu. Bí ∀ àti ∃ bá pàdé, ipò wọn ṣe pàtàkì:

(7) Olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ní olùkọ́ kan tí ó fẹ́ràn.
(8) Olùkọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn.

Bí (8) bá jẹ́ òótọ́, (7) di òótọ́. Bí (7) bá jẹ́ òótọ́, kò pọn dandan kí (8) jẹ́ òótọ́. Kí a sì má gbàgbé àpètúnpè. "Wọ́n ra ìwé kan" àti "Wọ́n ra ìwé kọ̀ọ̀kan" kò dọ́gba. Nínú èkejì, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó ra tirẹ̀. Ohun tí àmì méjì ń sọ, *kọ̀ọ̀kan* ti sọ ọ́ tán.

7. Ẹ̀rí láti inú òwe

Ẹni tí ó bá ṣì ń sọ pé Yorùbá kò gba irú ìrònú yìí, kí ó wo ìhun òwe. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ìhun rẹ̀ ni ¬(p ∧ q): kò ṣeé ṣe kí àgbà wà níbẹ̀, kí orí ọmọ sì wọ́. Èyí jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú p → ¬q: bí àgbà bá wà lọ́jà, a jẹ́ pé orí ọmọ kò ní wọ́. Ó sì tún jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú q → ¬p: bí orí ọmọ bá wọ́, a jẹ́ pé kò sí àgbà níbẹ̀. Báwo ni a ṣe ń lo òwe náà? Nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ lójú àwọn àgbàlagbà, a ó pa á fún wọn, wọn yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé a ní wọn kì í ṣe àgbà. Wọ́n ti yí gbólóhùn náà padà fúnra wọn.

Bákan náà ni "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Ìhun rẹ̀ ni ¬p → ¬q. Ìlò rẹ̀ ni q → p: a rí Kúmólú, a jẹ́ pé ìdí wà. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń yí gbólóhùn → padà sẹ́yìn kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí òkèèrè.

8. Èsì sí àtakò

Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí a ń wí yìí yóò da ìmáàkì rú, pé ọ̀rọ̀ kan fún àmì kan ni ó dára jù, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe nínú ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe ní 1990. Àwa náà ń jẹ oore ìwé méjèèjì lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ni èdè-ìperí ń fún nǹkan. "Ìyísódì" jẹ́ orúkọ, ó sì yẹ kí ó jẹ́ ẹyọ kan jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Ìyísódì gan-an, nígbà tí ó bá dé inú gbólóhùn, lè jẹ́ *kò*, *kì í*, *kì í ṣe*, *má* tàbí *kọ́*. Kò sí àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ ọ́ di ẹyọ kan.

Àtakò kejì ni ti ẹ̀ka-èdè. Ọmọ agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ kì í fi Yorùbá àjùmọ̀lò yí gbólóhùn sódì nílé. Bí ó bá kọ ti ilé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdánwò Yorùbá, a lè fa ìlà sí i lábẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pe àṣìṣe ìlò èdè ní àṣìṣe ìrònú. Ohun méjì ni, máàkì wọn sì yẹ kí ó jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àtakò kẹta ni ó tóbi jù: kí ni ànfàní gbogbo èyí nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò? Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun lórí lílo èdè abínibí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì kéde ní 2025 pé àwọn ti wọ́gi lé e. Ìdáhùn wa kò rọ̀ mọ́ ìlànà èyíkéyìí. Iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà láìpa á lára. Bí ìjọba bá tilẹ̀ fi òfin gbé Gẹ̀ẹ́sì wọ kíláàsì, òfin kò lè gbé Yorùbá kúrò nínú ọkàn ọmọ. Yóò máa túmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni bóyá a ó kọ́ ọ bí a ti ń túmọ̀ tàbí a ó fi í sílẹ̀ kí ó máa táràkà.

9. Ìgúnlẹ̀

A dá a lábàá pé: (i) kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ ìṣirò jọ jókòó lórí ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n tó kọ́ ọ, (ii) kí a fi ìhun túmọ̀ àmì: *sì* àti *ṣùgbọ́n* fún ∧, "ó kéré tán, ọ̀kan" fún ∨, *bí … bá …, a jẹ́ pé* fún →, *kì í ṣe gbogbo … ni* fún ¬∀, (iii) kí olùdánwò má ṣe fi ìlérí tàbí ìhàlẹ̀ ṣe ìbéèrè lórí →, (iv) kí ó gba gbólóhùn èyíkéyìí tí ó bá jẹ́ òótọ́ nígbà tí àmì náà bá jẹ́ òótọ́, tí ó sì jẹ́ irọ́ nígbà tí àmì náà bá jẹ́ irọ́, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé ìmáàkì tàbí òmíràn. Ẹni tí ó bá ṣe èyí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ìdáhùn tí a ti ń fa ìlà pupa sí ni ó tọ̀nà, àti pé ìbéèrè wa ni ó ń béèrè àtúnṣe.